Bí a bá tún ìwádìí ṣe tí àbájáde rẹ̀ yàtọ̀, ta ni kí a gbà gbọ́?

Morẹ́nikẹ́ (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi fún ìgbà pípẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, mo yan ìwádìí kan tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mowó, mo sì tún un ṣe. Ìwádìí náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1998, sọ pé ìkóra-ẹni-níjàánu dà bí omi inú agbè: bí ènìyàn bá ti lò ó nínú iṣẹ́ kan, ìwọ̀nba ni yóò ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e. Mo pín àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sí ìsọ̀rí méjì. Mo ní kí ìsọ̀rí kìn-ín-ní máa fa ìlà sórí lẹ́tà «e» nínú ojú ewé kan, àfi níbi tí òfin tí mo fún wọn bá ti ní kí wọ́n dúró. Ìsọ̀rí kejì kàn ń fa ìlà sórí gbogbo rẹ̀ láìsí òfin. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì wá ṣe iṣẹ́ kan náà tó gba sùúrù. Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà, ó ní ó dájú pé mo ti ṣe àṣìṣe níbì kan, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, mo sì fi dátà náà pamọ́.

Ní ọdún 2016, iṣẹ́ kan jáde tí yàrá ìwádìí 23 jọ ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ènìyàn 2,141 ni wọ́n yẹ̀ wò, ipa tí wọ́n rí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju òdo lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, àmọ́ ìdùnnú náà kò pẹ́. Ká ní àwọn yàrá 23 yẹn ti rí ipa náà ni, èmi fúnra mi ì bá gbà pé àṣìṣe ni mo ṣe. Bẹ́ẹ̀, dátà mi kò yí padà láti ọjọ́ tí mo ti fi í pamọ́. Kí ló sọ ọ́ di àṣìṣe lánàá, tó sì sọ ọ́ di ẹ̀rí lónìí?


Akínlolú

Morẹ́nikẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ìmọ̀ físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, èrò tèmi lórí èyí kò lọ́jú pọ̀. Karl Popper, onímọ̀ ọgbọ́n-orí, kọ ọ́ láti ọdún 1934 pé ìṣẹ̀lẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kò ṣeé tún ṣe kò já mọ́ nǹkan kan fún sáyẹ́ǹsì. Mo fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ẹnìkan kò tó. Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ yóò fara han ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ lé ìlànà.

Ẹ rántí March 23, 1989, ní Yunifásítì Utah, tí Pons àti Fleischmann, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn tí wọ́n ní àwọn ti rí agbára inú átọ́ọ̀mù nínú ìgò omi tí kò gbóná ju omi ìwẹ̀ lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, yàrá ìwádìí káàkiri ayé ti dán an wò, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní September 2011 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ físíìsì tó ń ṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní OPERA kéde pé àwọn neutrino (àwọn ègé bíńtín tó ń la ohun gbogbo kọjá) tó ń ti CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Switzerland, lọ sí yàrá ìwádìí Gran Sasso ní Ítálì, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 730, ń fi nǹkan bí ìdá 60 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá dé ṣáájú àkókò tí ìmọ́lẹ̀ ì bá dé. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n ní 2012, neutrino kò yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Okùn kan tí wọn kò kì bọnú ihò rẹ̀ dáadáa ló fà á. Bí àṣetúnṣe ṣe ń dá ẹjọ́ nìyẹn.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín ni pé dátà yín jẹ́ ẹ̀rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ló ṣe yín ní àìdáa.


Ìyábọ̀

Ẹ̀gbọ́n Akínlolú, «ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ lé ìlànà» ni gbólóhùn tó ń dà mí láàmú. Ìlànà wo? Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, tàbí èyí tí ọwọ́ ń ṣe?

Inú yàrá tí a ti ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìtàn kan wà tí a máa ń sọ fún àwọn tuntun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Yàrá ìwádìí méjì, ọ̀kan ní Boston, èkejì ní Berkeley, jọ ń ṣe iṣẹ́ kan lórí sẹ́ẹ̀lì ọmú obìnrin. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ dunjú, irú ẹran ara kan náà ni wọ́n ń lò, ẹ̀rọ kan náà, kẹ́míkà kan náà. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwòrán tí ẹ̀rọ ń gbé jáde kò bára mu. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi ń wá ohun tó fà á. Wọ́n yẹ kẹ́míkà wò, wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, pàbó ló já sí. Ìgbà tí wọ́n pàdé, tí wọ́n jókòó ti ara wọn, tí ẹnì kìíní ń wo ọwọ́ ẹnì kejì, ni ohun tó fà á tó hàn: àwọn kan ń fi ọ̀pá kékeré ro ẹran ara náà kíkankíkan nínú ìgò kí sẹ́ẹ̀lì lè tú síra, àwọn kejì ń rọra mì ín jẹ́jẹ́ fún wákàtí púpọ̀. Kò sẹ́ni tó ka bí wọ́n ṣe ń rò ó sí ohun tó yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì wá ń ṣe é bákan náà, àbájáde wọn bára mu.

Tí wọn kò bá jókòó pọ̀ ńkọ́? Ẹnì kan ì bá ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ Boston kò ṣeé tún ṣe, tàbí ti Berkeley, a ò sì ní mọ̀ láé pé sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ ló ń bá wa sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ńlá kan parí ní 2021 tí wọ́n fẹ́ fi tún ìwádìí 193 ṣe lára àwọn tó lókìkí jù nínú ìmọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ. Nínú gbogbo 193 náà, kò sí ẹyọ kan tí ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ṣàlàyé ìlànà rẹ̀ débi tí ẹlòmíràn fi lè ṣe é láìkọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Ẹyọ kan kò sí! Nítorí náà, kí a tó béèrè bóyá àbájáde tún padà wá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè bóyá ohun kan náà ni a tún ṣe.


Akínlolú

Mo gbọ́ yín, Ìyábọ̀, ìtàn náà sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀nà yẹn ń gbé wa lọ. Ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wó lulẹ̀ yóò máa wí pé «ẹ kò rò ó bí a ṣe rò ó.» Òní ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ọ̀la ni àwọ̀ ògiri yàrá. Kò ní sí ìwádìí kankan tí a lè sọ láé pé ó kùnà.


Ṣèyí

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Bí ohun tí kò ṣeé tún ṣe kò bá jẹ́ sáyẹ́ǹsì, kí ni ká wá pe iṣẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀, tàbí ti àwọn tó ń wádìí bí ẹranko ayé àtijọ́ ṣe kú tán?


Bàbá Fọlárìn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, inú mi sì dùn púpọ̀ sí ìbéèrè tí Morẹ́nikẹ́ gbé kalẹ̀, torí pé òun gan-an ni ó fa àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀ fún ọdún pípẹ́.

Joseph Weber, ọmọ Amẹ́ríkà, ti ń wá àwọn ìgbì kan tí Einstein sọ ní 1916 pé àwọn ohun tó wúwo gan-an máa ń dá sílẹ̀ ní òfurufú bí wọ́n bá ń yí ká ara wọn. Ó fi àwọn òpó álúmínọ́ọ̀mù ńláńlá ṣe ẹ̀rọ, ó sì kéde ní 1969 pé òun ti gbọ́ ìró àwọn ìgbì náà. Àwọn mìíràn ṣe ẹ̀rọ tiwọn, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Weber ní ẹ̀rọ wọn kò dà bíi tòun. Harry Collins, onímọ̀ nípa àwùjọ, wo àríyànjiyàn yìí láti itòsí, ó sì rí i pé òbírípo ni ọ̀rọ̀ náà. Kí a tó mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kan dára, a ní láti mọ̀ bóyá ó gbọ́ ìró tó yẹ kó gbọ́. Kí a tó mọ̀ bóyá ìró wà láti gbọ́, a ní láti ní ẹ̀rọ tó dára. Níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀? Ibẹ̀ náà ni Morẹ́nikẹ́ bá ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ gbà pé ipa náà wà, nítorí náà iṣẹ́ tí kò rí i ni kò dára. Nígbà tí ìgbàgbọ́ nínú ipa náà yẹ̀, iṣẹ́ kan náà di iṣẹ́ rere. Dátà kò yí padà lóòótọ́. Ohun tí a gbà gbọ́ nípa ayé, tí a fi ń wọn dátà, ni ó yí padà.

Akínlolú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ OPERA yẹn, nítorí ó ní ohun tó fi pamọ́. Ní November 2011, àwọn tó ni iṣẹ́ náà tún un ṣe fúnra wọn. Wọ́n ní kí CERN máa rán neutrino wá ní ìdì kéékèèké kí ìwọ̀n àkókò lè dá gaara. Àbájáde kan náà ni wọ́n rí! Àṣetúnṣe náà yọrí sí rere, irọ́ ni ó sì jẹ́rìí sí, nítorí okùn tí kò wọlé dáadáa náà ni wọ́n tún fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtànṣán tuntun tí Blondlot, onímọ̀ físíìsì, ní òun rí ní ìlú Nancy ní 1903: ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ní àwọn náà rí i. Robert Wood, onímọ̀ físíìsì láti Amẹ́ríkà, wá sí yàrá Blondlot ní 1904. Nínú òkùnkùn, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó yọ ègé tó yẹ kó máa pín ìtànṣán náà kúrò nínú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń wò ó ṣì ń ka nọ́ńbà ìtànṣán lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Wood kò tún ìwádìí kankan ṣe. Ó yí ohun kan ṣoṣo padà, ohun tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ Blondlot bá jẹ́ òótọ́, àbájáde kò gbọdọ̀ wà bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dá Akínlolú lóhùn lórí ẹ̀rù tó ń bà á. Ẹni tó bá ní «ẹ kò rò ó bí a ṣe rò ó» ti sọ ohun kan nípa ayé, ó sì ti jẹ gbèsè. Ó ní láti fi hàn wá pé bí a bá rò ó bíi tirẹ̀, àbájáde yóò yí, bí a bá sì padà sí tiwa, yóò tún yí padà. Àwọn ará Boston àti Berkeley san gbèsè náà. Weber kò rí tirẹ̀ san. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àlàyé àti àwáwí nìyẹn ní tèmi, mi ò sì mọ òmíràn tó lágbára tó o.

Ní ti Ṣèyí: ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù fara hàn ní February 1987, kò sì sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́ kó tún bú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́ta, ọ̀kan ní Japan, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Soviet, gba nǹkan bíi neutrino 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, wákàtí díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kan ni, àmọ́ ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí kò gbìmọ̀ pọ̀ ló rí i. Jean Perrin, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó fẹ́ mọ iye hóró bíńtín (mólékù) tó wà nínú ìwọ̀n èròjà kan: ó kó oríṣiríṣi ọ̀nà jọ, láti orí bí ekuru ṣe ń jó nínú omi títí dé orí àwọ̀ ojú ọ̀run, gbogbo wọn sì dúró sí itòsí nọ́ńbà kan náà. Ọ̀nà kan kò wọjà. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lè bọ́ sínú kòtò kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún.


Akínlolú

Ẹ ṣé, Bàbá. N kò rántí pé OPERA tún un ṣe tí wọ́n sì rí ohun kan náà. Ó kàn mí lára, torí pé ẹ̀rí tí mo gbé wá fún ara mi ni ẹ fi dá mi lóhùn. Mo gba ọ̀rọ̀ gbèsè yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àwọn ìgbì tí Weber wá, wọ́n rí wọn ní September 14, 2015, ẹ̀rọ LIGO méjì ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe láti fi gbọ́ irú ìgbì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì jìnnà síra tó kìlómítà 3,000 ni wọ́n sì gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Weber kò jìyàn lórí ohun tí kò sí. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ni kò lè gbọ́ ọ.

Ibi tí mo ṣì dúró lé ni pé gbèsè gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí a ó san án. Ẹni tó ti fi ogún ọdún jẹ oyè lórí àbájáde kan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa dá ọjọ́ fún wa títí láé.


Táíwò

Iṣẹ́ ìṣirò lorí dátà ni mo ń ṣe, ohun kan sì wà tí gbogbo yín ń sọ bí ẹni pé ó hàn gbangba: «ó tún padà wá», «kò tún padà wá». Ta ló ń sọ fún yín pé ó padà?

Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan jọ tún ìwádìí 100 ṣe nínú ìmọ̀ ìṣesí ẹ̀dá. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọjá òṣùwọ̀n tí a ń lò láti sọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Nínú àṣetúnṣe, ìdá 36 ló kọjá rẹ̀. Nọ́ńbà 36 yìí ni gbogbo ìwé ìròyìn gbé. Àmọ́ ìwé kan náà ka á lọ́nà mìíràn: tí a bá béèrè bóyá ìwọ̀n ipa ti àkọ́kọ́ bọ́ sí àárín ààlà tí àṣetúnṣe fún wa, ìdá 47 ni. Tí a bá bi àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà pé kí ni wọ́n rò, ìdá 39 ni. Dátà kan, ìdáhùn mẹ́ta. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni parọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n béèrè.

Kódà kò dìgbà tí a bá tún gba dátà. Wọ́n fún ẹgbẹ́ 29 ní dátà kan ṣoṣo, kí wọ́n sọ bóyá àwọn rẹfirí máa ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dúdú ní káàdì pupa ju àwọn tó funfun lọ. Ogún ẹgbẹ́ rí i pé bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́sàn-án kò rí nǹkan tó dájú. Àṣetúnṣe ti wọ inú ìṣirò pàápàá.

Ohun tó sì ń bí mi nínú jù nínú ìtàn Morẹ́nikẹ́ ni ibi tí dátà náà lọ. Òṣùwọ̀n wa gbà pé níbi tí nǹkan kan kò bá sí, ìgbà kan nínú ogún ni a óò máa rí nǹkan. Bí ogún yàrá bá wá ohun tí kò sí, tí mọ́kàndínlógún fi tiwọn pamọ́, tí ẹyọ kan tẹ tirẹ̀ jáde, ẹyọ kan yẹn ni gbogbo ayé yóò kà. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A ti ń dájọ́ lórí ẹjọ́ ẹnìkan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Morẹ́nikẹ́, ènìyàn mélòó lẹ yẹ̀ wò?


Morẹ́nikẹ́

Ènìyàn 44 ni, méjìlélógún ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá nípa gbèsè, mo lọ ṣí fáìlì náà lálẹ́ àná, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún yẹn. Mo rí ohun kan tí mo ti gbàgbé. Mo ti gé àkókò iṣẹ́ àkọ́kọ́ kúrú nítorí pé àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ń kánjú, n kò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wọn bóyá iṣẹ́ náà rẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni pé n kò mọ̀ bóyá wọ́n tiẹ̀ lo ìkóra-ẹni-níjàánu kankan. Bí ẹni tó fi ọ̀pá rò ó, tí kò sì mọ̀ pé òun rò ó, ni mo rí.


Táíwò

Ẹ ṣeun tí ẹ wò ó, torí pé nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yín fúnra rẹ̀. Ní 2010, àwọn kan kó gbogbo ìwádìí tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n ipa náà jẹ́ 0.62, lórí òṣùwọ̀n tí òdo túmọ̀ sí pé kò sí ipa rárá. Ká gbà fún wọn pé òótọ́ ni. Pẹ̀lú ènìyàn 22 ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, irú iṣẹ́ bíi tiyín yóò rí ipa náà ní nǹkan bí ìdajì ìgbà, yóò sì pàdánù rẹ̀ ní ìdajì yòókù. Bí ẹni ta owó ẹyọ sókè ni. Ẹ nílò nǹkan bí ènìyàn 84 kí ẹ tó lè rí i ní ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún.

Nítorí náà, ọ̀jọ̀gbọ́n yín kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe, nítorí pé ẹni tí kò ṣe àṣìṣe kankan náà lè rí ohun tí ẹ rí, bí ipa náà tilẹ̀ wà. Ẹ̀yin náà kò sì lè sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí. Dátà yín kò jẹ́ àṣìṣe lánàá, kò sì tíì jẹ́ ẹ̀rí tó dá dúró lónìí. Ẹ̀rí kékeré ni, tó wúlò tí a bá kó o mọ́ tàwọn ẹlòmíràn, tí kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú fáìlì.


Morẹ́nikẹ́

Ó dùn mí díẹ̀ láti kà á, àmọ́ mo gbà á. Mo ti kọ ìlànà tí mo tẹ̀ lé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí mo gé kúrò, ojú ewé tí wọ́n fa ìlà sí, àti ọ̀rọ̀ tí mo bá wọn sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti yọ orúkọ àwọn tó kópa kúrò. Ẹ̀gbọ́n Táíwò, Ìyábọ̀, bí ẹ bá ráyè, mo fẹ́ kí ẹ kà á kí n tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn. Ìyábọ̀ ní pàtàkì, ẹ bá mi wò ó bóyá ohun kan wà tí ọwọ́ mi ń ṣe tí n kò kọ.


Ìyábọ̀

Ẹ fi ránṣẹ́. Ibi tí mo máa kọ́kọ́ béèrè nìyí: ta ló jókòó sínú yàrá pẹ̀lú wọn nígbà tí wọ́n ń fa ìlà, ṣé ẹni náà sì mọ ìsọ̀rí tí wọ́n wà?